Èèwọ̀ Tí Kò De Ọmọ Ọmọbìnrin

"Ẹ tún un sọ, dókítà," ni Morìnsọ́lá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́."

Dókítà Balqees yí bébà tó wà níwájú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà, bí ẹni pé ìyẹn lè kà á. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí wọn, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Morìnsọ́lá. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, Tìmílẹ́hìn, ọmọ ọdún méjìlá, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun láti ilé ìwòsàn ojú yìí ní Ìkòròdú. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, ohun tó ń sọ fún Ògoolúwa, ọkọ rẹ̀, ni pé gíláàsì lásán lọmọ náà nílò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀tẹ̀ ń bà, kí ni kó ṣe?

"Lójú ọ̀sán, ó ṣì ń ríran dáadáa," ni dókítà wí. "Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ìṣòro rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ó lè gba ogún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní oògùn tó ń dá a dúró báyìí. Àwọn kan ń gbìyànjú rẹ̀, n kò kàn fẹ́ purọ́ fún yín pé wọ́n ti rí i."

"Kí ló ń pa á, dókítà? Ṣé kòkòrò ni?"

"Kì í ṣe kòkòrò. Ẹrù ni kò dé ibi tó yẹ kó dé." Dókítà mú bírò, ó ya róbótó kan sẹ́yìn àpò ìwé. "Sẹ́ẹ̀lì tíntìntín ló kóra jọ di ara wa. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn àpò kéékèèké wà tí awọ wọn fẹ́lẹ́ ju ti àlùbọ́sà lọ. Àwọn ló ń gbé ẹrù káàkiri: oúnjẹ, ìdọ̀tí tó yẹ ká dà nù, gbogbo ohun tí ojú fi ń ṣiṣẹ́. Àpò kò mọ̀nà. Purotéènì kan ló máa ń lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀ tí yóò máa darí rẹ̀ pé ibí ni kó gbà, ọ̀hún ni kó sọ̀ sí."

Ọ̀rọ̀ ẹrù kì í ṣe tuntun létí Morìnsọ́lá. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń jókòó sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní gáréèjì, tó ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sára páálí. Ó ti rí páálí ẹja tó sùn sí sítọ́ọ̀ títí gbogbo gáréèjì fi ń di imú, nítorí pé ìwé ara rẹ̀ re bọ́.

"Ṣé ẹrù tí kò ní àdírẹ́sì ni ẹ ń sọ?"

"Àdírẹ́sì wà," ni dókítà wí. "Ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù ni kò sí. Purotéènì tó ń darí àpò yẹn kò lè dá dúró lára awọ. Òmíràn ló gbọ́dọ̀ mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ọ̀rá sí i nídìí, kó lè lẹ̀ dáadáa, kó sì tún sìn ín dé ara àpò. Èyí tó ń mú un lọ yẹn ni kò sí lára Tìmílẹ́hìn. Lápá, lẹ́sẹ̀, lẹ́dọ̀, ó ní ìkejì tó ń bá a ṣe é. Lẹ́yìn ojú nìkan ni agbára ìkejì yẹn kò ká a."

"Ta ló gbé e fún un?"

Dókítà fi bírò sílẹ̀. "Ẹ sọ fún mi níjọ́sí pé bàbá yín fọ́jú."

"Omi ló gba ojú bàbá mi," ni Morìnsọ́lá wí kó tó ronú. Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́ tán.

"Bóyá omi kọ́, ìyá Tìmí. Ohun tí mo ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọkùnrin ti ń gbà á. Bàbá tó bá ní i kò lè fún ọmọkùnrin rẹ̀, bó ti wù kó rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ pátá ló máa fún. Ọmọbìnrin yẹn á máa ríran tirẹ̀, kò sì ní mọ̀. Tó bá wá bí ọkùnrin, ó lè gbà á, ó lè má gbà á: ọ̀kan nínú méjì ni."

Morìnsọ́lá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Èmi ni, ó ń wí nínú ara rẹ̀. Èmi tí mo gbé e lóyún, èmi náà ni mo fi èyí sí i.

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín," ni dókítà wí. "Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ báyìí ni ìrọ̀lẹ́. Kó má dá sọdá títì. Kó má sún mọ́ kànga, kó má sún mọ́ odò. Ibo ló wà lónìí?"

"Ẹ̀pẹ́," ni Morìnsọ́lá wí. "Ó lọ lo họlidé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, létí ọ̀sà."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ti bù máṣọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ilé bàbá Morìnsọ́lá ní Ẹ̀pẹ́, èèwọ̀ kan wà. Ní nǹkan bí ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn, àbúrò bàbá rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì nírọ̀lẹ́, ló bá gbé ẹsẹ̀ lé omi bí ẹni tó gbé e lé ilẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá sí i tí ojú bàbá rẹ̀ náà fi ṣókùnkùn pátápátá. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ní ọ̀sà kò fẹ́ kí àwọn máa wo òun tí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀: ọmọkùnrin ilé yìí kò gbọ́dọ̀ wà lójú omi lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Àwọn àáfà inú ẹbí pàápàá kò bá wọn jiyàn.

Saheed, ẹ̀gbọ́n Morìnsọ́lá, kò rú òfin yìí rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Apẹja tó ń sá fún àṣálẹ́! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ sọ ọ́ ní Adìẹ, nítorí adìẹ ní í tètè wọlé sùn. Kò bínú sí wọn. Ó ní adìẹ tó wọlé lójúmọmọ, òun ni yóò rí ilẹ̀ ọ̀la mọ́.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ilé bàbá ẹni ní í de ènìyàn. Ọmọbìnrin tó bá ti lọ sílé ọkọ, ilé ọkọ rẹ̀ ló ni ọmọ rẹ̀, òfin Ẹ̀pẹ́ kò kàn án. Ìta ilé ìwòsàn ni Morìnsọ́lá dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń pe èrò Ìgbògbò, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tí ojú wọn kò lè fọ́ láé ni wọ́n ń lé wọlé. Ọmọ ọmọbìnrin, tí ojú tirẹ̀ lè fọ́, ni wọ́n ń jọ̀wọ́ sójú omi. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Ó pe Saheed.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tìmílẹ́hìn ńkọ́?"

"Háà, ọmọ rẹ ti di apẹja o!" Ẹ̀rín kún ohùn Saheed. "Òun àti Adélàjà, ọ̀rẹ́ mi apẹja, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra báyìí. Wọ́n lọ dẹ àwọ̀n ìrọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀?"

"Ìgbà yẹn lẹja máa ń jẹ dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ò lè bá wọn lọ. Oríyọmí tèmi sunkún sunkún pé òun fẹ́ tẹ̀ lé wọn, mo ní rárá, ó di èèwọ̀. Tìmí nìkan ló rí àyè lọ, èèwọ̀ wa ò ṣáà dè é."

Morìnsọ́lá ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tó yẹ kó sọ, ó sì kúrú: ọmọ mi kò ríran lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ èyí ní láti sọ ibi tó ti wá, Saheed yóò sọ fún Bàbá, Bàbá yóò béèrè, ọ̀rọ̀ yóò sì dé ilé ọkọ rẹ̀, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti máa ń yangàn pé kò sí afọ́jú kankan nínú ìdílé àwọn.

"Ẹ pè wọ́n padà, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà pè wọ́n padà. Mo ń bọ̀."

Ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó sì gba gbogbo àyè tó ṣẹ́kù kí awakọ̀ lè tètè gbéra. Òjò ká wọn mọ́ oríta Agbówà. Ó pe Adélàjà ní ìgbà mẹ́rin. Ìgbà méjì àkọ́kọ́ dún láìsí ẹni tó gbé e, ìgbà méjì tó tẹ̀ lé e kò lọ rárá. Gbogbo ohun tí kò kà sí láti ọdún méjì wá ń padà bọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Tìmílẹ́hìn tó ń fọwọ́ tọ́ ògiri kọ́rídọ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ, Tìmílẹ́hìn tí kì í fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ bí ó bá ti di aago mẹ́fà, Tìmílẹ́hìn tó ń di apá rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ìsìn ìrọ̀lẹ́, ọmọ ọdún méjìlá! Ó ti ń fi ìyẹn fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ìfẹ́ ìyá ni.

Bí wọ́n ṣe kọjá Ìtóìkín ni ọkọ rẹ̀ pè láti ibi iṣẹ́.

"Ìyá Tìmí, kí ni dókítà wí nípa gíláàsì yẹn?"

"Màá sọ fún yín, Dádì Tìmí. Mo wà lójú ọ̀nà."

"Ọ̀nà ibo?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó já, lẹ́yìn náà ó tọrọ àforíjì pé òun dúpẹ́.

Nígbà tó fi dé etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti wọ̀. Ojú omi ti ń di aró. Saheed wà létí omi, ó ń na ọrùn. Bàbá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ibi tó máa ń jókòó sí lójoojúmọ́ tó ń kọ ojú sí omi tí kò lè rí. Àwọn apẹja tó kù ti lọ kírun. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà létí omi, kò sí ti Adélàjà nínú wọn.

"Ó yẹ kí wọ́n ti dé," ni Saheed wí kó tó kí i. "Mo pe fóònù Adélàjà títí, kò gbé e. Bóyá òjò ló dá wọn dúró. Má ṣe jẹ́ kí ara rẹ gbóná. Adélàjà mọ ojú omi ju ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ."

"Ẹ gbé ọkọ̀, ká lọ wá wọn."

Saheed wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀. "Morìnsọ́lá, oòrùn ti wọ̀. Jẹ́ kí àwọn tó wà ní mọ́sáláṣí kírun tán, màá bẹ ọ̀kan nínú wọn."

"Kí ó tó di ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Kò níí ṣe nǹkan. Ìwọ náà ṣáà mọ òfin ilé yìí."

Ẹ̀rù tó ti ń bà á láti Ìkòròdú wá dé ibi tí kò tún sí ọ̀nà mọ́. Ó rí i kedere pé bí òun bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ọmọ òun lè kú sórí rẹ̀.

"Tìmílẹ́hìn kò ríran lálẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ohun tó ṣe Bàbá ló ń ṣe é. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fura, mo sì gbé e wá síbí láìsọ fún yín. Bọ̀ọ̀dá, ojú yín kò lè fọ́. Ojú Oríyọmí kò lè fọ́. Ẹ lè sùn sórí omi yìí títí ayé, kò lè mú yín!"

Lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá yí orí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Morìnsọ́lá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Dókítà ni, Bàbá. Ó ní nǹkan kan wà nínú ara tó ń darí ẹrù kiri nínú ojú wa lọ́hùn-ún. Ẹni tó yẹ kó máa mú un dé ibi iṣẹ́ ni kò sí lára Tìmí, bóyá kò sí lára yín náà. Ẹ kò lè fún ọmọkùnrin. Àwa obìnrin lẹ fún. Èmi, Bàbá. Èmi àti Kúbúrátù àbúrò mi."

Ìka arúgbó náà ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti gbà á," ló wí. "Èmi àti àbúrò mi."

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ọ̀sà ṣọ̀tá." Ó mí kanlẹ̀. "Kúbúrátù bí ọkùnrin lọ́dún tó kọjá. Kí ẹnìkan pè é lálẹ́ òní." Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Saheed! Kí lo ń dúró ṣe? Èmi tí wọ́n tìtorí mi ṣòfin, èmi ni mo sọ pé kí o wọ ọkọ̀!"

Saheed, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, rọra gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé e sínú ilé onílé. Morìnsọ́lá ti wà nínú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú tán kí wọ́n tó fi etí omi sílẹ̀ jìnnà. Morìnsọ́lá na tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kò kọjá imú ọkọ̀. Saheed ń gbọ̀n débi pé àjẹ̀ ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì ń ka àdúrà sókè. Morìnsọ́lá kò lè gbàdúrà. Orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń pè, ó ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Omi gbé orúkọ náà lọ, kò dá a padà.

"Ẹ dúró," ló wí. "Ẹ gbọ́."

"Adìẹ!" ni ohùn kan ké láti apá òsì. "Adìẹ, ṣé ìwọ rèé, àbí iwin ló jí ohùn rẹ?"

Adélàjà ni. Ewé ojú omi ti wé mọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀, òjò ti ba fóònù rẹ̀ jẹ́, ó sì ti ń fi ọ̀bẹ gé ewé náà láti wákàtí kan. Láàárín ọkọ̀, Tìmílẹ́hìn jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ràǹdọ̀, ó ń wo ibi tí ìyá rẹ̀ kò sí.

"Mọ́mì? Ṣé Mọ́mì nìyẹn?"

"Èmi ni. Má mira. Èmi ni mò ń bọ̀ wá bá ọ."

"Ìyá Tìmí, kí ló ń ṣe ọmọ yín?" ni Adélàjà wí. "Mo ní kó na àjẹ̀ sí mi, ó ń na ọwọ́ sínú omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ẹ̀ re bọ́. Mo tiẹ̀ gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé eré ló ń ṣe. Ẹ má bínú o."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì so ọkọ̀ pọ̀. Morìnsọ́lá gbá ọmọ rẹ̀ mú lábẹ́ apá, ó fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì dì í mọ́ra títí ọmọ náà fi ní òun kò lè mí. Ó tutù, ó ń rùn bí ẹja. Saheed yí ọkọ̀ padà.

"Mọ́mì," ni Tìmílẹ́hìn sọ sí i létí, kí àwọn àgbà má bàa gbọ́. "Mo ti rú èèwọ̀. Oríyọmí ní ẹni tó bá wo omi lálẹ́, omi á gba ojú rẹ̀. Èmi sì ti wò ó ní Ìbẹ̀ṣè lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí a lọ kí ọ̀rẹ́ Dádì. Ìdí tí mi ò fi tètè sọ fún yín pé mi ò ríran lálẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì."

Ọdún mẹ́ta. Ọmọ kékeré ti ń gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri fún ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì ń fi gíláàsì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kì í ṣe omi," ni Morìnsọ́lá wí. Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ kí Saheed náà gbọ́, ó fẹ́ kí Adélàjà gbọ́. "O kò rú nǹkan kan. Lára mi lo ti gbà á. Èmi ni mo fún ọ, n kò sì mọ̀. Lálẹ́ yìí, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Dádì rẹ."

Tìmílẹ́hìn di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. "Ṣé ó máa lọ?"

Ìdáhùn tó yá ní ẹnu Morìnsọ́lá ni pé ó ti lọ lórúkọ Jésù. Ó gbé e mì. "Dókítà ní kò tíì sí oògùn rẹ̀."

"Ṣé màá dà bíi Bàbá Ẹ̀pẹ́?"

"Bóyá. Kì í ṣe lónìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Tìmí."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó fi orí lé e láyà, ojú rẹ̀ sì kọ sí iwájú, síbi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ wá.

"Kí ni ẹ ń rí níwájú yẹn?" ló béèrè.

Morìnsọ́lá nu ojú tirẹ̀ kó lè ríran dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí fún un, láti apá ọ̀tún.